Pupa iná néọ̀n nínú sílaìdì bàbá mi ń di funfun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · Sátidé, 8:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo máa kọ́kọ́ dá sí i.

Bàbá mi lọ kàwé sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun Hitler. Wọ́n papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sílaìdì 41 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú férémù páálí tí wọ́n tẹ Kodachrome, orúkọ fíìmù aláwọ̀ ti Kodak, sí lára. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ àwòrán òru ní Piccadilly Circus, oríta kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù, iná pátákó lóríṣiríṣi.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá máa ń ta aṣọ funfun sára ògiri ní pálọ̀, wọ́n á pa gbogbo iná ilé, wọ́n á wá tan pùrójẹ́kítọ̀. Mi ò gbàgbé pupa àwọn lẹ́tà yẹn títí di òní. Kì í ṣe pupa ọ̀dà. Ó dà bí ẹyinná tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí.

Mo gbé wọn lọ sí ilé ìtàwé kan tó ń sikáànì fọ́tò l'Ékòó. Ohun tí wọ́n kó fún mi bà mí nínú jẹ́. Àwọn lẹ́tà ti di funfun báláú bíi ti gílóòbù ilé ìtajà, ojú ọ̀run tó dúdú kirikiri ti di àwọ̀ eérú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká fún ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kó kun lẹ́tà náà ní pupa, kó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn káwọn ọmọ lè rí gbogbo ẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ àlàyé tí mo lè ṣe fún wọn. Ibo ni pupa yẹn lọ?

Ayáwòrán_Òṣogbo · Sátidé, 8:31 àárọ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹ ṣí àwòrán náà nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ fa pupa sókè, ẹ fa dúdú wálẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 ni. Tí ìdọ̀tí bá wà lára sílaìdì, ẹ fi òwú àti omi díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì tún un sikáànì.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Sátidé, 9:02 àárọ̀

Àbúrò mi ará Òṣogbo, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi omi kàn án! Sílaìdì tó ti gbé ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí bí èbu ò ṣe ní wà lára rẹ̀. Èbu yẹn ń jẹ jẹlatíìnì tó gbé àwọ̀ dání, ibi tó bá sì ti jẹ, bí omi bá kàn án báyìí, yíyọ́ ló máa yọ́. Méjì nínú tèmi lọ bẹ́ẹ̀: mo fi òwú nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ìyàwó mi bá òwú lọ. Àdùkẹ́, ẹ rọra fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku kúrò lára lẹ́ńsì fẹ́ ẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Ẹ dúró síbẹ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sí i, ẹ ṣe èyí. Ẹ tan ojú fóònù yín kó funfun báláú, ẹ gbé sílaìdì síwájú rẹ̀, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ fi wo etí lẹ́tà kan dáadáa. Bí pupa bá wà níbẹ̀, sikánà ló jẹ̀bi, pupa náà ṣì wà nílé. Bí ibẹ̀ bá mọ́ gaara bíi gíláàsì, á jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù, kò sí ẹ̀rọ tó lè mú ohun tí kò sí lórí fíìmù padà. Ẹni tó bá kùn ún, pupa tara rẹ̀ ló kùn, kì í ṣe ti bàbá yín.

Ẹ tún sọ orúkọ tó wà lára àwọn pátákó náà fún wa, a lè fi mọ ọdún. Wọ́n pa iná Piccadilly nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939, ọdún 1949 ni wọ́n tó tún un tàn. Coca-Cola dé ibẹ̀ lọ́dún 1954, kò sì tíì kúrò. Ọdún 2011 ni pátákó néọ̀n tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ kúrò. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ojú tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan ṣoṣo ló kù.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · Sátidé, 11:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Mo lọ yá awò lọ́wọ́ bàbá tó ń tún aago ṣe ládùúgbò wa, èyí tí wọ́n máa ń há sójú.

Pupa wà níbẹ̀! Mo pariwo débi pé bàbá náà dìde lórí ìjókòó. Nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà funfun tín-ín-rín kan wà láàárín bí òwú ìránṣọ, pupa wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni pupa yẹn ń tán díẹ̀díẹ̀ bí èéfín títí tó fi wọnú òkùnkùn. Ilẹ̀ títì tutù, àwọn lẹ́tà náà dorí kodò sínú omi tó wà létí gọ́tà. Obìnrin kan dúró nínú ọ̀kan nínú wọn: ara rẹ̀ rí bàìbàì, mi ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ hàn kedere, títí dé ìdè rẹ̀.

Coca-Cola wà nínú mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ 1952 sára àpò ìwé wọn, màá sọ fún wọn.

Pátákó aláwọ̀ búlúù kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pupa, tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé néọ̀n náà nìyẹn, àbí fíìmù ló ti ṣá?

Oníná_Gíláàsì · Sátidé, 3:25 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní Chicago níbí nìyí, ó ti di ọdún 19 tí mo ti ń tẹ gíláàsì lójú iná, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Àdùkẹ́, pupa nìkan ni néọ̀n gan-an. Gáàsì tí William Ramsay àti Morris Travers rí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1898 ni. Bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, pupa tó fara jọ àwọ̀ ọsàn ló ń tàn, kò mọ àwọ̀ mìíràn. Georges Claude, ará Faransé, ló kó o sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn, tó sì gbé e síta fún aráyé ní Paris lọ́dún 1910. Búlúù tí ẹ rí yẹn, gáàsì argon ni, pẹ̀lú ẹ̀kán mẹ́kúrì kékeré kan. Àwọn tó jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí funfun, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi kun inú ọ̀pá náà, lẹ́búlẹ́bú ọ̀hún ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ argon di àwọ̀ mìíràn. Néọ̀n la ń pe gbogbo wọn lẹ́nu, àwa oníṣẹ́ pàápàá.

Mẹ́kúrì kò sì fẹ́ òtútù. Nígbà òtútù, búlúù máa ń rẹ̀ sílẹ̀, pupa ò ní mira. Bó bá jẹ́ pé ìgbà òtútù ni bàbá ya àwòrán yìí, búlúù náà lè ti rẹ̀ lójú wọn gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má fà á sókè.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A máa ya lẹ́tà náà sórí bébà, a ó yà á ní ẹ̀yìn-síwájú, torí pé ojú rẹ̀ ló máa dojú kọ tábìlì. A ó gbé ọ̀pá gíláàsì sínú iná títí ibi tí a fẹ́ tẹ̀ á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu mi tó wọ ìdí ọ̀pá náà, mo ń fẹ́ èémí sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ibi tó tẹ̀ má baà pa pọ̀. Kó tó ka márùn-ún, ó ti le, bí o bá ṣì í tẹ̀, o ṣì í nìyẹn. Tí gbogbo lẹ́tà bá parí, a ó fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, a ó fi iná tó lágbára jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, a ó fi gáàsì díẹ̀ sí i, a ó dí i pa. Tíráńsífọ́mà tó ń tàn án lè gbé 15,000 fóltì.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Gílóòbù àtijọ́ ní wáyà kan nínú tó ń ta yànràn níbì kan ṣoṣo. Ọ̀pá néọ̀n ń tàn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà ni, tí ọwọ́ èèyàn fà. Bí mo bá ń wo fọ́tò òru ọdún 1950 sí 1960, mo lè rí ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ ti yára àti ibi tó ti rọra. Òkùnkùn tó yí i ká ló jẹ́ kí n rí i. Ẹni tó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn yẹn ti nu ìkọ̀wé náà nù.

Fíìmù_Ò_Kú · Sátidé, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ṣì ń fi fíìmù yàwòrán l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú kámẹ́rà.

Kodachrome àkókò yẹn, ASA 10 ni: òǹkà bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó ni ASA. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè dé 3,200 lálẹ́ láì sọ fún yín. Ká ní ojú lẹ́ńsì bàbá ṣí gbayawu, dé f/3.5, iná tó pọ̀ tó ti Piccadilly ṣì máa gba nǹkan bí 1/4 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ọwọ́ tó dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀. Ó dájú pé wọ́n gbé kámẹ́rà lé nǹkan kan. Ìdí tí bàtà obìnrin yẹn fi hàn tí ara rẹ̀ ò hàn náà nìyẹn: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, ara rẹ̀ ló mì.

Torí pé fíìmù náà lọ́ra, ibi tí iná ò bá dé, kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, ó wà ní dúdú pátápátá. Fóònù ayé òde òní á ya bíi mẹ́wàá pọ̀ mọ́ra, á tan gbogbo kọ̀rọ̀: ohun gbogbo á hàn, kò ní sí èyí tó ń tàn. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Saul Leiter ní New York, tó ti ń lo fíìmù aláwọ̀ láti nǹkan bí 1948. Ẹ wo ti Fred Herzog, ọmọ Jámánì tó dé Vancouver lọ́dún 1953, tó ń ya fọ́tò fún àwọn oníṣègùn lójú iṣẹ́, tó sì ń fi Kodachrome ya ìgboro àti pátákó néọ̀n ibẹ̀ nígbà tó bá ráyè. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn sílaìdì rẹ̀ fi wà nílẹ̀, torí ó ṣòro láti tẹ̀ wọ́n sórí bébà kó dára. Ọdún 2007 tí wọ́n pàtẹ wọn ní Vancouver Art Gallery ni aráyé tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn méjèèjì ò bẹ̀rù dúdú.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ya néọ̀n fúnra rẹ̀: ọ̀pá yẹn ń kú, ó ń jí, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí iná mànàmáná bá ti ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (50 Hz) bíi tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá yà á ní 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ lè bá a níbi tó ti ń kú. Ẹ má kọjá 1/50. Kí ẹ sì yà á ní kété tí oòrùn bá wọ̀, nígbà tí ọ̀run ṣì ní búlúù díẹ̀. Ìgbà yẹn ló rẹwà jù. Ẹ má sì wá Kodachrome rà: wọ́n ti dá a dúró lọ́dún 2009, ilé iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn tó ń fọ̀ ọ́, ní Kansas, sì ṣíwọ́ níparí 2010.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Sátidé, 7:15 alẹ́

Àbúrò, gbogbo ohun tó o sọ ni mo gbà àfi ti ọ̀run aláwọ̀ búlúù. Káàdì tí wọ́n ń tà fún àlejò ni wọ́n ń yà bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1951 sọ fún mi pé kùrukùru èéfín ló jẹ́ kí iná yẹn rẹwà. Èédú ni gbogbo ilé ń dá nígbà náà. Ti oṣù December 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kí wọ́n tó ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ lọ́dún 1956. Nínú kùrukùru yẹn, wọ́n ní èèyàn ò ní tíì rí ilé, kò ní tíì rí pátákó, pupa lásán á ti so rọ̀ lókè. Àti òjò! Láìsí ilẹ̀ tó tutù, ìdajì àwòrán ti lọ.

Fíìmù_Ò_Kú · Sátidé, 7:33 alẹ́

Òjò, mo gbà. Kùrukùru, ẹ jẹ́ kí n wá sí Lọ́ńdọ̀nù ná.

Ìyá_Tóbi_Abẹ́òkúta · Sátidé, 9:20 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ ti gbàgbé fọ́tò dúdú-àti-funfun. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni néọ̀n ti dára jù. Tí àwọ̀ bá kúrò, ìlà tí Oníná sọ yẹn ló kù, àti ojú èèyàn tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Ìyá mi àgbà ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester. Fọ́tò òru kan wà tí wọ́n fi kámẹ́rà alápòótí yà lọ́dún 1951. Pátákó méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé èyí tó pupa, ti ilé sinimá, ló mọ́lẹ̀ jù ládùúgbò náà. Nínú fọ́tò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, bí ìgbà tí wọ́n pa á. Búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń tàn yòò. A rò pé wọ́n gbàgbé ni.

Fíìmù_Ò_Kú · Sátidé, 9:48 alẹ́

Màmá, wọn ò gbàgbé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Verichrome ni fíìmù náà, òun ló pọ̀ nínú kámẹ́rà alápòótí. Kò rí pupa rárá. Lójú rẹ̀, pátákó sinimá yẹn kò tan iná. Ọdún 1956 ni wọ́n gbé Verichrome Pan jáde, tó rí gbogbo àwọ̀. Ẹ tọ́jú fọ́tò yẹn o, mi ò tíì rí irú rẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ ṣe kedere báyìí.

Mo sì gbà pẹ̀lú yín. Tri-X, fíìmù dúdú-àti-funfun ti Kodak, dé sínú kámẹ́rà kékeré lọ́dún 1954, ó sì fi ìlọ́po 20 yára ju Kodachrome ti bàbá Àdùkẹ́ lọ. Òun ló jẹ́ kí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán di kámẹ́rà mú lábẹ́ néọ̀n, kó sì ya ẹni tó ń rìn kọjá.

Ayáwòrán_Òṣogbo · Sọ́ńdè, 6:40 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ti kọ́gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ omi yẹn, ẹ foríjì mí.

Àdùkẹ́, ẹ má gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lo kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì tó ń ya nǹkan kékeré, kí pátákó iná funfun wà lẹ́yìn sílaìdì. Sikánà inú ṣọ́ọ̀bù rí i pé àwòrán náà ṣókùnkùn, ó bá tan gbogbo rẹ̀ sókè, pupa bá jó dànù. Bó bá sì jẹ́ sikánà ni ẹ máa lò, ẹ pa èyí tó ń fi infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, yọ eruku: ara Kodachrome ń dí infrared yẹn lọ́wọ́, ẹ̀rọ á rò pé eruku ni lẹ́tà, á pa á rẹ́. Ẹ ya méjì, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún òkùnkùn, kí ẹ pa wọ́n pọ̀.

Fíìmù_Ò_Kú · Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ àfi ìparí. Má pa wọ́n pọ̀. Tẹ̀ lé lẹ́tà, kó o jẹ́ kí òkùnkùn wà ní òkùnkùn.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · Sọ́ńdè, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya ìgbéyàwó ló gbé kámẹ́rà wá. Èyí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, funfun ló gbé jáde, gẹ́lẹ́ bíi ti ṣọ́ọ̀bù. A dín in ní sítọ́ọ̀pù kan, ìyẹn ni pé a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí. A dín in ní méjì: òwú funfun láàárín, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín pupa tó ń tán lọ, ọ̀run dúdú kirikiri.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá màmá mi. Wọ́n ti lé ní 90 ọdún, ojú wọn ṣì ríran. Wọn ò wo iná náà rárá. Bàtà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní, “Ó há mi lẹ́sẹ̀.” Àwọn ni obìnrin náà! A ti ń wo sílaìdì yìí láti kékeré, kò sí ẹni tó sọ fún wa rí. Wọ́n ní bàbá ká síkáàfù lé orí àpótí ìfíwéránṣẹ́ onípupa, wọ́n gbé kámẹ́rà lé e, wọ́n ní kí màmá má mí. Bọ́ọ̀sì kan bá kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ bì wọ́n, wọ́n sì mí. Oṣù January 1956 ni, torí pé oṣù kẹta tí wọ́n dé ìlú ọba ni. Ẹ̀gbọ́n Oníná, búlúù yẹn, òtútù ni lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún mọ́. A fẹ́ tẹ ọ̀kan fún yàrá màmá. Bébà wo ni kí a lò?

Oníná_Gíláàsì · Sọ́ńdè, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Omi ń bọ́ lójú mi níbí. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ wo àárín lẹ́tà C àti O. Ẹ máa rí ibi tí ìlà náà já lójijì tí kò tàn. Kò já. Ọ̀pá kan náà ni, a fi ọ̀dà dúdú kùn ún níbẹ̀ kí lẹ́tà méjì má baà so mọ́ra. Ẹ fi han màmá.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Sọ́ńdè, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Bébà tó ń dán, Àdùkẹ́. Dúdú rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kọ́ sí iwájú fèrèsé, nítorí oòrùn.